Èsì Kúẹ́rì Tí Mo Bá Ìyá Títí Kọ

Òde Oǹdó,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jọ̀ọ́, wá àga jókòó kí o tó ṣí i. O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í kọ lẹ́tà mọ́, fóònù ti sọ gbogbo wa di ọ̀lẹ. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní tí mo bá fi fóònù sọ ọ́, màá fo ibi tó dùn mí jù nínú rẹ̀, ìwọ náà á sì máa dá mi lóhùn pé "ẹ̀n-ẹ́n, Dádì, ẹ̀n-ẹ́n" títí ọ̀rọ̀ á fi tán láì wọlé. Ara wa le. Ìyá rẹ ń kí ìwọ àti ọkọ rẹ. Ẹ̀gúsí tí o béèrè wà nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n bá ìwé yìí mú wá. Arákùnrin ìjọ wa tó ń bọ̀ ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́la ni mo fi rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kí ó fi í lé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dùn mọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí mo ní mò ń wá rí dókítà ojú ní Àkúrẹ́, òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n n kò sọ gbogbo rẹ̀. Mo kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì rẹ. Ẹ kò tíì wọlé iṣẹ́. Obìnrin kan ń fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jẹ́ kí n gòkè. Mo rí ilẹ̀kùn rẹ. Mo rí orúkọ rẹ lára rẹ̀, pẹ̀lú oyè tí wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo yọ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Obìnrin náà ní, "Bàbá, ta lẹ ń wá?" Mo ní mi ò wá ẹnikẹ́ni, orúkọ ọmọ mi ni mo ń kà. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú oríire, sà." Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kúrò lọ́nà kí n lè dúró dáadáa.

Ọdún mélòó ni mo fi gbé fáìlì lórí irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí mo ń kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, tí mo ń dúró kí ẹni inú rẹ̀ tó ní kí n wọlé. Ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Mo fi ọ́ yangàn nínú ọkọ̀ títí a fi dé Oǹdó, ó sì sú àwọn tí a jọ wọkọ̀. N kò bínú sí wọn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

O pè mí lẹ́yìn ìsìn. Inú rẹ ń dùn, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ. O ní fáìlì kan ló sọnù ní ọ́fíìsì yín, pé ọwọ́ ẹni méjì ló gbà kọjá, o sì ti kọ kúẹ́rì fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n wá sọ ohun tó dé. Kúẹ́rì tí o máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí láyé rẹ nìyẹn. O wá ń ka èsì wọn fún mi. Ti ọ̀gbẹ́ni yẹn kún ojú ìwé kan àti àbọ̀. Gbogbo Òyìnbó tí mo fi jẹun ló wà nínú rẹ̀, owing to níhìn-ín, in view of lọ́hùn-ún, ó sì fi ìdọ̀bálẹ̀ parí rẹ̀. Ti Ìyáàfin Ṣadé, ìyá tó ń gba ìwé wọlé, jẹ́ ìlà kan péré, pé fáìlì náà kò sí lọ́wọ́ òun, òun kò sì mọ ibi tó wà. O rẹ́rìn-ín. O ní ìlà kan yẹn jọ àfojúdi lójú rẹ, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á ṣàlàyé ara rẹ̀. O ní ní ọjọ́ Ẹtì, o máa fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n máa fi gbé e kúrò ní ọ́fíìsì yín, ẹ̀ṣẹ̀ náà á sì wà nínú fáìlì rẹ̀ títí tó fi máa fẹ̀yìn tì.

Mo ní kí Ọlọ́run fún ọ ní ọgbọ́n, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá rẹ gbé iyán kalẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí. Ó tún bi mí. Nígbà tó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta ni mo sọ ohun tí n kò sọ fún un rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa. Ohun náà ni mo fẹ́ sọ fún ìwọ náà.

O ti gbọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ ń pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni Owing To. O máa ń rò pé àwàdà ni. Orúkọ tí mo fi gbajúmọ̀ ní Àkúrẹ́ nìyẹn, kí a tó bí ọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Oǹdó ni, wọ́n ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọrin. Mo wá ohun tí màá fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́, Òyìnbó kíkọ ni mo sì rí. Ọ̀gá wa nígbà náà, ará Ọ̀wọ̀ kan tó ti ń fẹ̀yìn tì lọ, fẹ́ràn mi. Ó kọ́ mi ní gbogbo ọ̀nà tí Òyìnbó ń gbà sọ pé nítorí, mo sì ń kọ wọ́n sínú ìwé eléwé ogójì kan. Due to, ó ní kí n má fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láé, ọmọ ilé ìwé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Owing to ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. On account of ni ti àìsàn. As a result of ni ti ìjàǹbá. In view of, ìgbà tí mo bá ń tọrọ nǹkan ni kí n lò ó. Tí n kò bá sì ní ìdí kankan lọ́wọ́, kí n ní circumstances beyond my control, kò sí ọ̀gá tó máa bi mí pé kí ni wọ́n.

Láìpẹ́, gbogbo ẹni tó bá gba kúẹ́rì ní ilé alájà mẹ́ta tí ọ́fíìsì wa wà ló ń wá bá mi. Ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó sùn lórí tábìlì, ẹni tó bú ọ̀gá rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ọ̀gá wà lẹ́yìn òun. Wọ́n á mú ẹ̀pà wá tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á jókòó sórí àpótí, èmi á sì bá wọn wá nítorí tó bá ẹ̀ṣẹ̀ wọn mu. Àwọn mìíràn wà tí mo gbà là tí ó yẹ kí a gbà là. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo gbádùn rẹ̀.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o dì mú rèé. Èsì kúẹ́rì tó dùn kà kò fi hàn ju pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n kọ. Tàbí pé ó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn tí kò sí níbi tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀.

Èkejì. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ èkejì, jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Títí.

Ìyá Títí ni ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wé wa, ọmọ Ìpògùn, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó máa ń tẹ ìwé bí ẹni ń gbọn òjò sílẹ̀, kì í ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ó ní àṣà kan tó ń bí àwa ọmọdé nínú. Ìwé pélébé kan wà lápá ọ̀tún ẹ̀rọ rẹ̀. Ìwé yòówù tí o bá wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ bébà kan ṣoṣo, o gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé o ti gbà á, kí o kọ ọjọ́, kí o sì fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó rán an. A máa ń ní wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà kan jáde fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa kan lẹ́yìn odi ìlú. Wọ́n ti mú un fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan tí ìjọba fẹ́ rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ yọjú ní ọjọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fi ẹlòmíràn dípò. Ìyá Títí tẹ lẹ́tà náà ní Ọjọ́rú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ àárọ̀, mo fọwọ́ sí ìwé pélébé rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni kí n gbé e lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbọ́ pé ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ sí Oǹdó kó tó di ọ̀sán. Àwọn òbí ìyá rẹ ti ní kí n wá kí wọn lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà mí lálejò. Mo ti lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀, mo ní màá ṣe é tí mo bá dé. Mo bọ́ sínú ọkọ̀, n kò sì rántí rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá fúnra rẹ̀ nígbà tó gbọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń béèrè pé ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Kò sí.

Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì. Wọn kò tíì fi ìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀ nígbà náà, wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé láì ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń wo ojú bàbá ìyá rẹ, bó ṣe rọra ń bi mí lópin ọ̀sẹ̀ yẹn pé iṣẹ́ ìjọba tí mò ń ṣe yìí, ṣé ó dúró. Mo ṣí ìwé eléwé ogójì mi. Mo kọ ọ́ pé owing to pípẹ́ tí lẹ́tà náà pẹ́ kí ó tó jáde lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára mi. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ìyẹn tu ara mi nínú, pé n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló tẹ lẹ́tà náà, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kejì sí i, nígbà tí àwọn tó kù jáde lọ jẹun ọ̀sán, Ìyá Títí wọlé wá bá mi. Ó gbé àpò kan lọ́wọ́ kan, ó mú bébà kan lọ́wọ́ kejì. Ó gbé àpò náà sílẹ̀, ó yọ iṣu ńlá méjì jáde láti inú rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ Oǹdó, usu Ìpògùn rèé. Wọ́n fún mi ní uwé. Wọ́n ní mo pẹ́ kí n tó tẹ lẹ́tà kan. Mo mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni, n kò mọ̀ ọ́n kọ. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kọ, bá mi kọ ọ́."

Fúnmi, mo bá a kọ ọ́.

Mo jókòó níwájú rẹ̀, mo fa bébà, mo kọ ọ́ pé in view of iṣẹ́ tó pọ̀ lórí tábìlì òun, òun pẹ́ díẹ̀, òun sì ń tọrọ ìdáríjì. Ó dára ju gbogbo èyí tí mo kọ rí lọ. Mo kà á fún un. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ó ní, "Ṣé bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́ nìyí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láì ṣi lẹ́tà kan tẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí apá etí òkun. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta dúró lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìpògùn, Títí tó jẹ́ àgbà wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìgbéga tó yẹ kó kàn án kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n fi ìdí iṣẹ́ tèmi múlẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ìyá rẹ ló sè lára iṣu yẹn nígbà tó wá kí mi ní Àkúrẹ́. Ó ní iṣu náà dùn, ó sì bi mí pé ta ló fún mi. Mo ní ẹnì kan ní ibi iṣẹ́.

Ní báyìí, èkejì tí mo fẹ́ sọ. Tí ẹnì kan bá sọ ìdí nǹkan fún ọ, wá èèyàn inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó ibi iṣẹ́ lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí láì sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Lẹ́tà pẹ́, fáìlì ṣí kúrò, àṣìṣe wọlé. Tí o bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ nílé pé wọ́n jẹ ẹran inú ìkòkò, á bi ọ́ pé àwọn ta. Máa bi wọ́n bí ìyá rẹ ṣe máa ń béèrè. Ó sì kan ìwọ náà, nítorí o ní ọ̀gá tìrẹ lókè. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa kọ kúẹ́rì sí ìwọ náà, kò sí ẹni tí kì í kàn. Lọ́jọ́ yẹn, fi ara rẹ sínú ọ̀rọ̀ rẹ.

N kò tilẹ̀ mọ ìdí tí mo fi ń kọ́ ọ ní ìyẹn. Ìwọ lo kọ́kọ́ kọ́ mi. O wà ní kékeré, o ti tó ọmọ ọdún méje, nígbà tí gíláàsì aago ara ògiri wa fọ́. Aago tí ìjọ fi ta mí lọ́rẹ ni, inú mi sì ru. Mo tò yín sójú kan, ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ, mo ní kí ló dé. Kò tíì tán lẹ́nu mi tí o ti ní, "Èmi ni, Dádì. Mò ń ju bọ́ọ̀lù nínú ilé." O kò sunkún. O kàn dúró, o ń dúró de pàṣán. N kò nà ọ́, ẹ̀rí ìyá rẹ wà níbẹ̀. Mo wọ yàrá lọ. Ìyá rẹ rò pé inú ló ń bí mi. Mo ń jowú ọmọ ọdún méje ni, inú mi sì ń dùn débi pé n kò mọ ohun tí màá fi ojú mi ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé o máa di ẹni ńlá. Ẹni tó fi orúkọ rẹ sára ilẹ̀kùn yẹn kò ṣàṣìṣe.

Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀ lédè tí o fi bi í, àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi. Ìyá Títí gbọ́n jù mí lọ nígbà náà, ó gbọ́n jù mí lọ lánàá. Lánàá ni mo lọ bá a.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti mọ̀ pé ó ti fẹ̀yìn tì sí Ìpògùn. Àìmọye ìgbà ni mo ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ kọjá ní ìyànà wọn, tí mo ń wo iwájú. Lánàá mo sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, mo gun ọ̀kadà wọ ìlú. Ó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ kan. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Dìde nílẹ̀, kí eegun má lọ há ọ síbẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni, àbí?"

Mo ní, "Ẹ rántí mi, mà."

"Ta ní í gbàgbé ọ? Ọ̀gbẹ́ni Owing To. Ṣé o délé re? Fa àga yẹn."

Mo jókòó. Mo ní, "Ìyá Títí, lẹ́tà ọjọ́sí, ẹ̀yin kọ́ lẹ pẹ́. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀," ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Mo bi í pé ọjọ́ wo ló mọ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní uwé ni mo ti mọ̀. O ti fọwọ́ sí i pé o gbà á ní Ọjọ́bọ̀. Uwé pélébé mi wà nínú àpò, abẹ́ usu tí mo gbé wá bá ọ ló wà."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò mú un jáde?"

Ó ní, "Mo fẹ́ kí o sọ ọ́ fúnra rẹ. Mo ní bí mo bá lọ jókòó níwájú ọmọ yìí, tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi kọ ọ́, kò ní lè kọ ọ́. O fa bébà, o ń kọ ọ́. Ojú wá ń tì mí, nítorí tìrẹ ni ojú ṣe ń tì mí. N kò lè mú un jáde sí ọ lójú mọ́. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo ní ó ti tán."

Lẹ́yìn náà ló wá gbé ojú sókè, ó bi mí ní tirẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi ṣe é?"

Fúnmi, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, àmọ́ gbogbo inú ìwé eléwé ogójì yẹn ló sáré wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé wọn mì. Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, mà. Mo fẹ́ gbéyàwó, mo rò pé wọ́n á lé mi."

Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ nìyẹn."

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí kò kún ulà kan. Torí ẹ̀ ni mo ṣe lọ lo ọdún mẹ́fà létí òkun."

Mo sunkún díẹ̀, kò ní kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, ó bi mí pé kí ló gbé mi wá lónìí, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo sọ ti ìwọ fún un, àti ti Ìyáàfin Ṣadé tó kọ ìlà kan. Ó ní, "Ọma rẹ ló ń fọwọ́ sí uwé báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì sọ ipò rẹ fún un, n kò lè pa á mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní mo ṣì ń fọ́nnu. Ó wọlé lọ. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó mú ìwé pélébé kan bọ̀ nínú ọ̀rá, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e fún ọ. Ó fún mi ní ẹ̀wà jẹ kí n tó lọ. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, n kò sì bi í.

N kò ní kí o dá Ìyáàfin Ṣadé láre. N kò mọ̀ ọ́n, ó lè jẹ́ òun ló sọ fáìlì yẹn nù lóòótọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni kí o pè é kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, kí o fún un ní àga, kí o fi èdè tó ń sọ nílé rẹ̀ bi í pé kí ló dé, kí o sì dákẹ́ títí tó fi máa parí. Lẹ́yìn náà, pe ọ̀gbẹ́ni yẹn, bi òun náà bẹ́ẹ̀, má ṣe jẹ́ kó ka bébà rẹ̀ fún ọ. Bí o bá wá rí i pé ó yẹ kí o fọwọ́ sí i, fọwọ́ sí i.

Ó ṣeé ṣe kí o má lè fi ojú tí o fi ń wò mí tẹ́lẹ̀ wò mí mọ́. Mo ti rò ó ṣáájú. Ìyá rẹ ní ó dára kí o mọ bàbá tó bí ọ ju kí o máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tí o kò mọ̀. Èmi kò ní dẹ́kun fífi ọ́ yangàn, o kò ní agbára lórí ìyẹn. Mo fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn náà máa dúró níwájú ilẹ̀kùn rẹ lọ́jọ́ iwájú, kí ó ka orúkọ rẹ, kí ara rẹ̀ balẹ̀.

Ìwé pélébé Ìyá Títí wà nínú àpò ìwé yìí. Mo ti ṣẹ́ etí ojú ewé náà. Wo ìlà kẹrin láti òkè, wàá rí ọjọ́ tí mo gba lẹ́tà yẹn, wàá sì rí ìfọwọ́síwé tó wà níbẹ̀. Fi wé èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ọwọ́ kan náà ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.